Killmonger, Kí Ló Dé Tí O Ò Mú Tiwa Dání?

Ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkùnrin kan wọ mùsíọ́mù ní Lọ́ńdọ̀n, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń jalè. Wọ́n ti fi májèlé sínú kọfí obìnrin tó ń bójú tó ibẹ̀, wọ́n ti pa àwọn ẹ̀ṣọ́, wọ́n ti fọ́ gíláàsì. Ẹrù tí òyìnbó kó nílẹ̀ Áfíríkà tò lọ rẹrẹ níwájú wọn, títí kan èyí tí obìnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, kí májèlé tó mú un, pé ti àwọn ará Ẹdó ni, láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Kò sẹ́ni tó lè dí wọn lọ́wọ́ mọ́. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn ni wọ́n gbé wá, ẹ̀yin náà sì mọ bí inú ọkọ̀ yẹn ṣe máa ń láyè tó. Kí ni Killmonger mú? Ó mú àáké kan, ó mú ìbòjú kan tó ní ó kàn wu òun, ó bá tirẹ̀ lọ. Ti Ẹdó ńkọ́? Ó fi í síbẹ̀.

Láti 2018 tí fíìmù Black Panther ti jáde ni mo ti ń gbé ẹ̀dùn ọkàn yìí kiri ìlú Bìní, n kò rẹ́ni bá mi sọ ọ́ kalẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo kórìíra fíìmù náà o. Kò sí èyí tí mo fẹ́ràn tó o. Aránṣọ ni mí, ẹ̀gbẹ́ Sapele Road ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Bí iná bá wà tí kò sí aṣọ lórí máṣíìnì, Black Panther ni mò ń wò. Mo mọ ìgbà tí wọn yóò ju ọba sí ìsàlẹ̀ omi, mo mọ ìgbà tí àgbáǹréré yóò já wọ ojú ogun, mo sì máa ń pa ẹnu mi mọ́ nítorí àwọn tí kò tíì wò ó. Gbogbo rẹ̀ ló dùn mọ́ mi. Ìṣẹ́jú mẹ́rin inú mùsíọ́mù yẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Ọ̀rọ̀ náà tún wá le fún mi nítorí pé ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni mí, ọmọ Ẹdó ni mo fi ṣe aya, ilé àna mi sì ni tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ wà.

Bàbá ìyàwó mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ìtàn ni wọ́n fi kọ́ ọmọ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ẹ gba ìmọ̀ràn lẹ́nu mi: ẹ má bá ẹni tó kọ́ ìtàn jókòó wo fíìmù. Kí Killmonger tó dé iwájú gíláàsì, rìmóòtù ti bọ́ sọ́wọ́ Bàbá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nìyí, fún ẹni tí kò bá rántí mọ́. Killmonger ń nàka, ó ń béèrè ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ti wá. Obìnrin òyìnbó náà ń dáhùn, ife kọfí lọ́wọ́. Àkọ́kọ́, ó ní Aṣanti ni, láti Gánà. Èkejì, ó ní Ẹdó ni, láti Bìní. Ó kan ẹ̀kẹta. Ó ní Bìní náà ni, ọ̀rúndún keje ni wọ́n ṣe é, òun sì rò pé àwọn Fúlàní ló ṣe é.

Bàbá á tẹ rìmóòtù, gbogbo ayé á dúró.

"Fúlàní! Ní Bìní! Ní ọ̀rúndún keje!" Wọ́n á kọjú sí mi, èmi tí ìwé mi kò kọjá ilé ẹ̀kọ́ girama. "Ọkọ ọmọ mi, Fúlàní wo ló wà ní Bìní ní ọ̀rúndún keje?"

"Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Killmonger máa tó já a nírọ́."

Ó sì já a nírọ́ lóòótọ́. Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo pálọ̀ á dákẹ́, títí kan ìyá ìyàwó mi tó ń ṣa ẹ̀wà, a ó máa retí kí ọkùnrin yìí fi òtítọ́ lé obìnrin yẹn lójú. Ó wá la ẹnu rẹ̀, ó ní òótọ́ ni pé Bìní ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti kó o, ṣùgbọ́n Wakanda ló ni ín, irin vibranium ni wọ́n sì fi rọ ọ́.

Ẹ gbọ́ o. Nínú gbogbo ìlú, ìlú tí kò sí lórí ilẹ̀ ayé ni wọ́n gbé ẹrù wa fún. Wakanda tí Stan Lee àti Jack Kirby jókòó sí Amẹ́ríkà tí wọ́n fi yíǹkì tẹ̀ dó ní 1966, nínú ìwé aláwòrán Fantastic Four, nọ́ńbà 52! Àwọn tó ń da idẹ ní Igun Street ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà mélòó kan kí wọ́n tó bí bàbá àwọn méjèèjì. Àwa náà ní ìwé aláwòrán láyé ọjọ́un: Atọ́ka, tí wọ́n fi fọ́tò àwọn òṣèré tíátà sọ ìtàn, tí gbogbo ilé ń yá ara wọn kà títí tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń ya. N kò rántí pé Atọ́ka gba àáké ẹnikẹ́ni.

Bàbá ti ka ẹ̀sùn náà sílẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ja Bìní lólè. Lọ́dún 1897, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ẹrù ààfin. Lọ́dún 1975, Dàhòmì mú orúkọ náà lọ, tó fi jẹ́ pé bí ọmọ Ẹdó bá dé òkè òkun báyìí tó ní Benin lòun ti wá, Kútọnu ni wọn yóò bi í. Ẹ̀kẹta ni ti Wakanda, ọdún 2018. "Ti Wakanda yìí ló sì dùn mí jù," ni Bàbá wí, "torí èèyàn dúdú bíi tiwa ló ṣe é."

Mo gbìyànjú láti gbèjà Ryan Coogler tó darí fíìmù náà. Mo ní, "Bàbá, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ó fẹ́ ká rí i pé obìnrin tó gba ìwé ẹ̀rí rẹpẹtẹ yẹn kò mọ nǹkan kan nípa ohun tó ń ṣọ́."

Bàbá ní, "Mo gbà. Ẹni tí kò mọ̀ kò mọ̀. Ẹni tó mọ̀ náà ńkọ́, kí ló dé tí kò mọ̀ wá?"

N kò lésì. Wọ́n tún fi ìbéèrè mìíràn lé e, èyí tí mo ti bi gbogbo oníbàárà mi tó gbọ́n: wọ́n ní Wakanda fi ara pa mọ́ fún gbogbo ayé látayébáyé, kò bá ẹnikẹ́ni tajà, kò gba àlejò. Ta ló wá gbé àáké wọn dé Bìní?

Kí n má parọ́, ilé yẹn kò fìgbà kan fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ ìtàn rí. Tiwa ni pé Ọ̀rànmíyàn ọmọ Odùduwà ló ti Ifẹ̀ wá, tó bí Eweka, ọba àkọ́kọ́ nínú ìdílé tó wà lórí oyè títí dòní. Tiwọn ni pé ọmọ ọba Bìní kan, Ekaladerhan, ló sá kúrò nílé tó dé Ifẹ̀, òun gan-an ni ẹni tí ẹ ń pè ní Odùduwà. Bí wọ́n bá dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ lọ́jọ́ Kérésìmesì, ìrẹsì á tutù lórí tábìlì. Ti idẹ náà kò yàtọ̀: àwa ní Ifẹ̀ ni wọ́n ti wá kọ́ wọn, Bàbá ní kí n lọ sọ bẹ́ẹ̀ ní Igun Street, kí n sì dúró gbọ́ èsì. N kò lọ, oníbàárà mi pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Killmonger gbé àáké yẹn fún Wakanda, Bàbá lu tábìlì, èmi náà lù ú. Wọ́n ní kì í ṣe ti Wakanda, mo ní kì í ṣe ti Wakanda láéláé. A bọ ara wa lọ́wọ́. Mo wá fi kún un pé bí kì í bá ṣe ti Bìní, á jẹ́ ti Ifẹ̀. Ibẹ̀ ni ìrẹ́pọ̀ náà parí sí.

Ohun tó tún ń bí mi nínú ni pé gbogbo ayé ló rí ìpín gbà nínú fíìmù yìí. Èdè tí wọ́n ń sọ ní Wakanda, isiXhosa ti South Africa ni. M'Baku àti àwọn èèyàn rẹ̀ tó wà lórí òkè, ohùn Igbo ló wà lẹ́nu wọn. Ìlù tó ń ki ọba, tama ni, láti Senegal. Baaba Maal tó ń kọrin nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú wọn bá wọ ìlú, Senegal ni òun náà ti wá. Àwọn Fúlàní tí wọ́n fi ẹrù wa lé lọ́wọ́ ní mùsíọ́mù tún gba fèrè lé e: fèrè wọn ni Ludwig Göransson, ọmọ Sweden tó ṣe orin inú fíìmù náà, fi ń kéde Killmonger. Wọ́n fún un ní Oscar. Mo bá a yọ̀. Ọkọ̀ òfuurufú máa ń gbéra láti Dakar wá sí Èkó, Èkó sí Ọ̀yọ́ kò jìnnà, gángan àti dùndún kò sì lọ síbì kankan.

Ohun tí Yorùbá rí gbà ni agbádá. Zuri, àgbàlagbà tí Forest Whitaker ṣe, agbádá ni wọ́n wọ̀ fún un, aláwọ̀ elésè-àlùkò, ó sì bá a mu. Ruth E. Carter ló ṣètò aṣọ gbogbo wọn, òun sì ni èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gba Oscar fún aṣọ fíìmù, lọ́dún 2019. Mo ṣí fìlà fún un, torí mo mọ ohun tí ojú aránṣọ ń rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí wọ́n gún pa nígbà tí Killmonger dé. Alágbádá náà ni.

Èmi ni mo sì jìyà agbádá yẹn jù lọ. Oṣù Kejì ni fíìmù náà jáde, kí Ọdún Àjíǹde tó dé, wọ́n ti ń na fóònù sí mi lójú ní ṣọ́ọ̀bù: "Ọ̀gá télọ̀, irú èyí gan-an." Mo gé e, mo rán an, mo fi òwú ṣe iṣẹ́ sí ọrùn rẹ̀ lóru, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tí mo fi owó ara mi bu epo sí. Wọ́n wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó, wọ́n jó, wọ́n ya fọ́tò. Bí mo bá wá pàdé wọn tí mo béèrè owó tó kù, wọ́n á di apá méjèèjì mọ́ àyà bíi ti inú fíìmù, wọ́n á ní "Wakanda Forever!", wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kọjá. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: kí lèèyàn fẹ́ fi fèsì sí ìyẹn? Àfi kí èmi náà di apá tèmi.

Nàìjíríà pàápàá wà nínú fíìmù náà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sójú tẹlifíṣọ̀n. Ibo ni? Igbó Sambisa. Àwọn ajínigbé kó àwọn ọmọbìnrin sínú ọkọ̀, Black Panther já bọ́ láti òkè, ó tú wọn sílẹ̀, ó mú Nakia, obìnrin tó wá mú, ó lọ. N kò lè fi ti ibẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn ọmọ Chibok tí wọ́n kó lọ́dún 2014 jẹ́ 276, ẹnikẹ́ni kò sì já bọ́ láti òkè nítorí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tó kàn wá nínú fíìmù tó pa owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là: ibi kan tí wọ́n ti jí ọmọ gbé, àti ibi kan tí wọ́n ti jí àáké.

Nígbà tí ọba Wakanda wá pinnu níkẹyìn pé òun yóò ṣí ilẹ̀kùn, tí òun yóò fi ọrọ̀ òun ran èèyàn dúdú lọ́wọ́, ibo ló kọ́kọ́ lọ? Oakland, ní California. Ó ra ilé síbẹ̀, ó ní òun yóò fi ṣe ibi ìrànwọ́ fún àwọn ọmọ àdúgbò. Oakland ni wọ́n sì ti bí Coogler, lọ́dún 1986. Mo mọ̀ pé kò sí ohun tó burú nínú kéèyàn rántí ilé. Ṣùgbọ́n àgbàrá ti jẹ ojú ọ̀nà àdúgbò mi débi pé oníkẹ̀kẹ́ ń gba owó ìlọ́po méjì kó tó wọ̀ ọ́, èmi sì ń gbé ní ìlú tí wọ́n ti kó àáké ọba náà. Ìdérí gọ́tà kan péré, Kábíyèsí!

Nígbà tó yá, mo ní kí n wá ìdí ọkùnrin yìí. Ọmọ àbúrò ìyàwó mi kó àwọn fíìmù rẹ̀ yòókù wá fún mi, mo sì ti ń wò wọ́n léraléra láti ìgbà náà, bóyá mo lè rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé wa.

Fruitvale Station ni àkọ́kọ́, ọdún 2013. Mo jókòó, mo ń retí ẹni tí yóò fò. Kò sẹ́ni tó fò. Ọmọ ọdún 22 kan ni, Oscar Grant, tí ọlọ́pàá ọkọ̀ ojú irin yìnbọn pa ní ibùdókọ̀ Fruitvale ní Oakland, ọjọ́ kìíní ọdún 2009. Ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Michael B. Jordan ló ṣe Oscar, ọjọ́ tó kẹ́yìn ayé rẹ̀ sì ni fíìmù náà fi hàn wá: ó ra alákàn fún ìyá rẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀, ó wọ ọkọ̀. N kò lè gé aṣọ kankan lọ́jọ́ tí mo wò ó. Ẹni tó bá wà ní Bìní ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, tó rí bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe tú síta nítorí àwọn ọlọ́pàá SARS, yóò mọ ìdí rẹ̀.

Creed tẹ̀lé e ní 2015. Jordan náà ni. Ó ń wá orúkọ bàbá rẹ̀, abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò tó kú kí wọ́n tó bí i. Ibẹ̀ ni ojú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í là. Nítorí nígbà tí mo padà sí Black Panther, Jordan náà ni Killmonger, bàbá ti òun náà ni wọ́n pa ní Oakland nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì wá gba ohun tí wọ́n fi dù ú. Ìtàn kan ṣoṣo ni Coogler ń sọ láti 2013: ọmọ tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ baba rẹ̀, tó dìde pé òun yóò gbà á padà. Ó mọ̀ ọ́n sọ ju gbogbo wọn lọ. Ìtàn Bìní sì ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin! Ẹni tó mọ ìrora yìí tó báyìí ló dúró níwájú gíláàsì yẹn, tó fi ẹrù ọlọ́mọ sílẹ̀.

Wakanda Forever ti 2022 kò gba àròyé púpọ̀. Chadwick Boseman tó ṣe ọba ti kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, wọ́n sì fi fíìmù náà sin ín dáadáa. Ìyá ìyàwó mi sunkún títí. Rema, ọmọ Bìní wa, wà nínú àwo orin rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí n kò lè gbójú fò ni pé ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, Coogler àti àwọn òṣèré rẹ̀ kó ara wọn wá sí Èkó láti ṣí fíìmù náà fún Áfíríkà. Èkó! Ní oṣù Kẹwàá, Smithsonian ti Amẹ́ríkà ti dá 29 nínú ẹrù Bìní padà fún Nàìjíríà. Ní oṣù Kejìlá, Jámánì kó tiwọn wá sí Àbújá. Àárín méjèèjì ni ọkùnrin yìí bọ́ sí, ó jó, ó jẹun, ó padà sí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Kí ó kàn gba Ṣàgámù ni, kí ó máa bọ̀ tààrà, ilẹ̀ kò ní tíì ṣú tí yóò fi dé Ring Road.

Sinners ló wá dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2025. Bàbá ní àwọn kò ní wo fíìmù òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀, torí ipò tí wọ́n wà nínú ìjọ. Wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀, wọ́n ní omi làwọn wá mu. Clarksdale ní Mississippi ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ọdún 1932. Jordan ṣe ìbejì níbẹ̀, ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú mi dùn gan-an torí pé Wunmi Mosaku, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Zaria tó dàgbà sí Manchester, ni Annie tó mọ ewé mọ gbòǹgbò, òun nìkan ló sì kọ́kọ́ mọ ohun tó dé bá wọn. Mo ní ẹ wò ó, wọ́n ti rántí wa! Bàbá kò gbọ́ mi. Ibi tí àwọn òkú amùjẹ̀ ti dúró síta ni wọ́n ń wò, tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ gba àwọn láyè wọlé, torí wọn kò lè wọ ilé láìjẹ́ pé wọ́n pè wọ́n.

"Èyí tiẹ̀ ń tọrọ àyè," ni Bàbá wí láti ẹnu ọ̀nà. "Phillips kò tọrọ."

James Phillips ni wọ́n ń sọ, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gbéra lọ sí Bìní ní oṣù Kìíní 1897. Ọba Ovonramwen ránṣẹ́ pé kó dúró ná, ọdún Igue ń lọ lọ́wọ́. Kò dúró. Wọ́n pa òun àti ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ̀ lé e lójú ọ̀nà, kò sì pé oṣù méjì tí Rawson, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì, kó nǹkan bí 1,200 ọmọ ogun dé, wọ́n gba ìlú ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì, ààfin jóná, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹrù, wọ́n sì mú Ọba lọ sí Calabar, níbi tí wọ́n ti wàjà ní 1914. Bàbá sọ ọ́ tán, wọ́n wọlé, wọ́n jókòó. Wọ́n wo Sinners dé òpin. Ẹ má sọ fún pásítọ̀.

Ṣùgbọ́n inú ìwé àdéhùn Sinners ni ẹ̀dùn ọkàn mi ti di ìbínú. Coogler bá ilé iṣẹ́ tó gbé owó kalẹ̀, Warner Bros., ṣe àdéhùn pé bí ọdún 25 bá pé, fíìmù náà yóò padà di tirẹ̀. Òun ni yóò ni ín, òun àti ọmọ rẹ̀. Bó bá di 2050, kó kàn lọ gbé e ni. Nígbà tí mo ka èyí fún Bàbá, wọ́n mú bírò. 1897, ẹ fi 25 kún un, ó di 1922. Ọba Eweka Kejì ló wà lórí ìtẹ́ nígbà náà. Àwọn ni ìbá fi ọwọ́ ara wọn gbà á. Dípò bẹ́ẹ̀, British Museum nìkan ṣì ní ohun tó lé ní 900 lọ́wọ́, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1963 ni wọ́n sì ń tọ́ka sí pé kò jẹ́ kí àwọn lè dá a padà. Ìjọba wa tiẹ̀ ti fi owó ra díẹ̀ lọ́wọ́ wọn rí. Àwọn ará Netherlands kó 119 wá ní 2025, kò sì sí àáké kankan nínú ìtàn tiwọn. Ọkùnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé àdéhùn tó lágbára báyìí nítorí fíìmù òkú amùjẹ̀, kò lè kọ gbólóhùn kan sí Killmonger lẹ́nu nítorí wa?

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé ó ṣòro, torí wọ́n ti ṣe é rí níbí. Nígbà FESTAC 1977, Nàìjíríà tọrọ ìbòjú Idia lọ́wọ́ British Museum, èyí tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ní ìrántí ìyá Ọba Esigie. Wọn kò fún wa. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Eddie Ugbomah ṣe fíìmù kan tó pè ní The Mask. Ugbomah fúnra rẹ̀ ni ọ̀gá ológun tí wọ́n rán lọ sí Lọ́ńdọ̀n kó lọ jí ìbòjú yẹn gbé. 1979 nìyẹn o. Ọmọ Oakland yẹn kò tíì dé ayé. Ugbomah kú ní 2019, mo sì ti wá fíìmù náà títí, n kò rí i, bẹ́ẹ̀ ni Black Panther wà lórí gbogbo fóònù tó wà ní Oba Market. Ní 2014, Lancelot Oduwa Imasuen, ọmọ Ẹdó, ṣe Invasion 1897: ọmọ ọba Bìní kan ni wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀n pé ó jalè ní British Museum, ó sì dúró níwájú adájọ́, ó ń bi wọ́n pé ta ni olè gan-an. Ariwo pọ̀ nínú fíìmù náà, mo gbà. Kò sí vibranium, kò sí ọkọ̀ tó ń pòórá, owó tí wọ́n ná sí i kò lè ra irùngbọ̀n M'Baku. Ṣùgbọ́n ọmọ ọba yẹn mọ ohun tó wá mú. Nínú olè mẹ́ta tí fíìmù ti rán wọ mùsíọ́mù Lọ́ńdọ̀n nítorí wa, ti Hollywood nìkan ni kò mọ ohun tó yẹ kó jí. Mùsíọ́mù tirẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe Lọ́ńdọ̀n. High Museum ní Atlanta ni wọ́n ti ya ìta rẹ̀.

Coogler ti sọ pé òun yóò ṣe Black Panther ẹ̀kẹta. Ẹni tó bá mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n, kó bá mi jíṣẹ́ yìí. Kó wá sí Bìní. Mùsíọ́mù wà láàárín Ring Road, Igun Street kò jìnnà síbẹ̀, Bàbá á sì fún un ní ìtàn tí yóò tó fún fíìmù mẹ́fà, bó bá lè fara da ti Ekaladerhan. Ìṣẹ́jú kan péré la fẹ́: kí ẹnìkan dúró níwájú gíláàsì, kí ó nàka, kí ó ní Bìní ló ni ín, kí ó gbé e, kí ó máa lọ. Agbádá tí ẹni náà yóò wọ̀, èmi ni yóò rán an. Ṣùgbọ́n owó ni kó mú wá o. Kó má ṣe di apá mọ́ àyà sí mi.